Ta ni bàbá Jósẹ́fù, Jákọ́bù tàbí Élì?

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ló béèrè pé, níwọ̀n ìgbà tí Mátíù sọ pé Jákọ́bù ló bí Jósẹ́fù ọkọ Màríà, tí Lúùkù sì pe Jósẹ́fù kan náà ní ọmọ Élì, ṣé òótọ́ ni ohun tí àwọn àgbà ìjọ ń sọ pé àṣà opó ṣíṣú ló parí ìjà láàárín ìwé méjèèjì? Èrò tèmi ni pé àṣà náà là á dé ibì kan, kò là á já.

Àlàyé yìí ti pẹ́. Julius Africanus, onígbàgbọ́ kan ní ọ̀rúndún kẹta, ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà, Eusebius sì tọ́jú rẹ̀ sínú ìtàn ìjọ tí òun kọ. Ó ní Mátánì, ará ìdílé Sólómọ́nì, fẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Estha, wọ́n sì bí Jákọ́bù. Nígbà tí Mátánì kú, ọkùnrin kan láti ìdílé Nátánì, ọmọ Dáfídì mìíràn, fẹ́ opó náà, wọ́n bí Élì. Élì gbéyàwó, ó kú láìbímọ; Jákọ́bù ṣú opó rẹ̀, wọ́n sì bí Jósẹ́fù. Jákọ́bù ni ó bí i, ṣùgbọ́n Élì ni òfin kà á sí ọmọ fún.

Òfin tí ó gbé e lé wà nínú Diutarónómì orí 25. Bí ọkùnrin bá kú láìní ọmọ, arákùnrin rẹ̀ ni kí ó fẹ́ opó náà, àkọ́bí tí wọ́n bá sì bí ni yóò di orúkọ òkú náà mú kí ó má bàa parẹ́ ní Ísírẹ́lì. Ẹni tí ó bá kọ̀, opó yóò bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níwájú àwọn àgbà, yóò sì tutọ́ sí i lójú. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ní Èkìtì, kí àṣà yìí tó di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń yẹra fún, ohun tí a ń wá ni pé kí opó àti àwọn ọmọ òrukàn má ṣe ṣí kúrò lábẹ́ ààbò ẹbí. Kò dìgbà tí olóògbé bá kú láìbímọ kí a tó ṣú opó rẹ̀, ọmọ tí opó bá sì bí fún ẹni tí ó ṣú u, ọmọ ẹni náà ni.

Ará Èkìtì tí ó bá fara balẹ̀ yóò tún rí ìṣòro kan tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jákọ́bù àti Élì nínú ìtàn Africanus, iyèkan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọbàkan, bẹ́ẹ̀ ẹbí bàbá ló ń ṣú opó lọ́dọ̀ wa. Àwọn olùkọ́ òfin Júù náà fi lélẹ̀ pé àwọn tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan ni òfin yìí dè. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rò pé àlàyé náà mẹ́hẹ.

Àwọn mìíràn ní ìran Màríà ni Lúùkù kọ, ṣùgbọ́n Lúùkù kò dárúkọ Màríà níbẹ̀ rárá. Ohun tí ó hàn kedere ni pé Mátíù tò ìran náà fún ìdí kan: ó fo Ahasáyà, Jóáṣì àti Amasáyà, ọba mẹ́ta tí 1 Kíróníkà orí 3 dárúkọ, kí iye náà lè jẹ́ mẹ́rìnlá lọ́nà mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ Ábúráhámù. Lúùkù ní tirẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Nátánì ọmọ Dáfídì, ó sì gòkè dé ọ̀dọ̀ Ádámù.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ló le tó báyìí. Jòhánù orí 20 dárúkọ Màríà Magidaléènì nìkan níbi ibojì, àmọ́ obìnrin náà fúnra rẹ̀ sọ pé “àwa kò mọ̀” ibi tí wọ́n tẹ́ Olúwa sí, èyí tí ó bá àwọn obìnrin tí àwọn ìwé ìhìnrere yòókù dárúkọ mu. Ní nǹkan bí ọdún 170, Tatian, òǹkọ̀wé onígbàgbọ́ kan, tilẹ̀ hun ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ẹyọ kan, ìjọ Síríà sì lò ó pẹ́, síbẹ̀ mẹ́rin ni ìjọ pa mọ́, pẹ̀lú gbogbo ìyàtọ̀ wọn.

Africanus fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò ní ẹlẹ́rìí fún àlàyé òun, ó kàn jẹ́ pé òun kò rí èyí tí ó dára jù ú lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún béèrè, ẹ ka Diutarónómì fún un, ẹ sọ àlàyé Africanus, kí ẹ má sì fi ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pamọ́.