Ṣé iná aṣẹ́jú ló ń mú tọ́ọ̀ṣì gbóná?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ọdẹ àdúgbò ni mí ní Òffà. Tọ́ọ̀ṣì ńlá tí mo rà ní Ìlọrin ní iná aṣẹ́jú, èyí tó ń tàn tó sì ń kú wéréwéré. Òun ni mo máa ń lò jù, nítorí pé ó mọ́lẹ̀ ju iná rẹ̀ tó ga jù lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ díẹ̀, á gbóná débi pé n kò ní lè dì í mú. Ẹni tó tà á fún mi ní ìlọ́po méjì agbára ni aṣẹ́jú ń lò, pé kí n máa rì í bọ omi tútù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má rì í bọ omi rárá. Ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì yìí ti sú mi, nítorí pé láti Ọjà Tuntun títí dé Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ti ń fi í polówó tọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀.

Ó ní ìwọ̀n iná tí bọ́ọ̀dù inú tọ́ọ̀ṣì lè fún gulóòbù LED, kò sì sí bọ́tìnnì tí ẹ lè tẹ̀ tí yóò mú un kọjá ìwọ̀n náà. Tí ẹ bá tẹ aṣẹ́jú, ìwọ̀n kan náà ni bọ́ọ̀dù ń fún un, àmọ́ ó ń já a, ó ń dá a padà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní wáàtì 10 ni LED náà ń jẹ nígbà tó bá ń tàn láìṣẹ́jú, tí àkókò tó fi ń tàn nínú aṣẹ́jú sì dọ́gba pẹ̀lú àkókò tó fi ń kú, wáàtì 5 ni yóò máa jẹ tí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ohun tó ju ìdajì lọ nínú iná tí irú LED bẹ́ẹ̀ ń jẹ ló ń di ooru. Tí ohun tó ń jẹ bá ti dín sí ìdajì, ooru rẹ̀ náà á dín kù.

Kí ló wá dé tí ẹ fi ń rí i pé ó mọ́lẹ̀ jù? Lọ́nà kìíní, ojú ló ń tàn wá. Ernst Brücke, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Vienna lọ́dún 1864: iná tó bá ń ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 8 sí 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń dà bí ẹni pé ó mọ́lẹ̀ ju iná kan náà tó dúró ṣinṣin lọ. Lọ́nà kejì, èyí tí mo rò pé ó kàn yín jù, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń fúnra rẹ̀ dín iná tó ga jù lọ kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí LED má baà jóná. Àwọn kan kì í dín aṣẹ́jú kù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá wá tẹ aṣẹ́jú lẹ́yìn tí iná ti rẹlẹ̀, yóò mọ́lẹ̀ ju èyí tí ẹ ń wò tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, ó sì lè gbóná jù ú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n iná tó ti rẹlẹ̀ lẹ fi ń wọ̀n ọ́n.

N kò tíì fọwọ́ kan tọ́ọ̀ṣì yín, nítorí náà ẹ fúnra yín yẹ ibi tó ti ń gbóná wò. Tó bá jẹ́ orí rẹ̀ ni, ooru LED ló ń gba ara irin jáde, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ dín iná kù, ẹ má fi aṣọ wé e. Tó bá jẹ́ ìdí tàbí àárín, níbi tí bátìrì wà, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé sípíríǹgì ìdí rẹ̀ ti dípẹtà, tàbí kí bátìrì náà jẹ́ ayédèrú. Bátìrì 18650, ìyẹn bátìrì roboto tí wọ́n ń ṣáájì tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì ńlá, tó bá jẹ́ gidi tó wọ́pọ̀, kì í kọjá nǹkan bí 3,600 mAh (mAh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), àmọ́ ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 sí lára. Irọ́ gbuu ni.

Ní ti omi, afẹ́fẹ́ inú tọ́ọ̀ṣì tó gbóná máa ń súnkì tó bá kan omi tútù, á sì fa omi gba etí rọ́bà wọlé. Díńgí iwájú rẹ̀ pàápàá lè sán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tan aṣẹ́jú sí ojú ọlọ́kadà. Kò ní ríran, kò sì ní lè mọ bí ẹ ṣe jìnnà sí òun tó. Iná tó ń ṣẹ́jú láàárín ìgbà 3 sí 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè gbé wárápá dìde lára ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á. Lóṣù Kejìlá 1997 ní Japan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n wo eré alàwòrán kan tó ń ṣẹ́jú báyìí lórí tẹlifíṣọ̀n. Iná tó dúró ni kí ẹ fi máa ṣọ́ àdúgbò.

Tí bátìrì yín bá ti wú, tàbí tó ń rùn, ẹ má ṣáájì í mọ́. Ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì níta, níbi tó jìnnà sí ilé, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.