Ọmọ ò lè dàgbà bá bẹ́ǹṣì yẹn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Òṣogbo níbí ni èmi náà wà, lápá Òkè-Báálẹ̀. Mo ní ilé ìwé jéléósinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ pààrọ̀ bẹ́ǹṣì àti tábìlì àwọn ọmọ Pírámárì 1 sí 3 kí sáà tuntun tó wọlé. Káfíńtà wa ní kí ìjókòó ga ní ínṣì 18, kí tábìlì ga ní ínṣì 30, pé àwọn ọmọ kéré lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọ́n á dàgbà bá a. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ínṣì mélòó gan-an ló yẹ Pírámárì 1, mélòó ló yẹ Pírámárì 2 àti 3? Ọkùnrin kan sì tún wá ta bẹ́líìtì tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká fún wa. Ó ní ọmọ tó bá ń tẹ̀ sórí ìwé, iké ló máa yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́ mọ́ ohun tí àwọn òbí máa rà ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Físíò (physiotherapist) ni mí, n kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ọrùn àti orúnkún ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ ò ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìbéèrè yín ṣe. Kò sí ínṣì kan tó yẹ Pírámárì 1. Kíláàsì kì í jókòó, ọmọ ló ń jókòó. Ní àárọ̀ ọ̀la, bí wọ́n bá tò fún àdúrà, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà Pírámárì 3 kí ẹ wo orí wọn. Ẹ ó rí èyí tí orí rẹ̀ mọ ní àyà ẹnì kejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn. Tí wọ́n bá fi máa dé Pírámárì 5, ọ̀rọ̀ á tún dàrú sí i, torí àwọn ọmọbìnrin ló máa ń kọ́kọ́ ga fìrì, ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú àwọn ọkùnrin. Bí ẹ bá fi orúkọ kíláàsì kan àga, ọ̀pọ̀ ọmọ inú kíláàsì náà ni kò ní bá mu.

Ọ̀rọ̀ "wọ́n á dàgbà bá a" yìí ló ń bí mi nínú jù, torí pé ẹnu àwọn èèyàn ire ló ti ń jáde. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un wá. Ìyá mi ò rán yunifọ́ọ̀mù tó bá mi mu fún mi rí. Títóbi ló máa ń ní kí télọ̀ rán an, á ká etí rẹ̀ sínú ní ìlọ́po méjì, bó bá di ọdún kejì á tú ìlọ́po kan sílẹ̀. Ọgbọ́n ni, torí owó ò sí. Ṣùgbọ́n aṣọ ṣeé ká. Ta ló fẹ́ ká ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì?

Ẹ mú bírò, ká ṣírò ó. A kì í fi orí ọmọ mọ gíga ìjókòó. Kòtò ẹ̀yìn orúnkún là ń wò, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ bí èèyàn bá jókòó. Láti ibẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 112 á ní bíi 28 níbẹ̀. Ẹ fi bàtà kún un, ó di 30. Ínṣì 18 tí káfíńtà yín ń wí, bíi sẹ̀ǹtímítà 46 ni. Sẹ̀ǹtímítà 16 ló ṣẹ́ kù kí ẹsẹ̀ ọmọ náà tó kanlẹ̀. Ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́fà, tí kò tíì bàlágà, sábà máa ń fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga sí i lọ́dún. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìkan ni ti ìsàlẹ̀ orúnkún ń gbà nínú rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀. Ẹ fi pín 16. Ọdún mẹ́wàá ó lé! Ká ní bàlágà á mú un yá díẹ̀, ká pè é ní mẹ́sàn-án. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ Pírámárì 1 lọ́dọ̀ yín á ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ńlá níbòmíràn, ó ti ń múra ìdánwò WAEC, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ́lẹ̀ dáadáa lórí bẹ́ǹṣì tí ẹ kàn fún un. Àwọn mìíràn nínú wọn ò ní débẹ̀ láéláé. Èmi tí mò ń kọ èyí, ínṣì 18 ga jù fún mi. Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ tábìlì mi ní ọ́fíìsì tí mo ń gbẹ́sẹ̀ lé.

Bẹ́ẹ̀ náà, ta ló ní bẹ́ǹṣì? Kíláàsì ló ni í. Ọmọ ń lọ, bẹ́ǹṣì ń dúró. Bí àwọn tọdún yìí bá tilẹ̀ ga díẹ̀ sí i, Pírámárì 2 ni wọ́n máa gbé gíga náà lọ, àwọn kúkurú mìíràn á sì wọlé wá jókòó síbi tí wọ́n dìde. Kò sí ẹni tó ń dàgbà bá a. Ara rẹ̀ ni káfíńtà yín fi wọn bẹ́ǹṣì yẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwé kan nínú ìgboro níbí pè mí pé kí n wá bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn dídùn. Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́bàá Pírámárì 2, mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tó kúnlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, sálúbàtà rẹ̀ kan ti já bọ́ sílẹ̀, ó fi ìgúnpá lé tábìlì, ó ń da "b" àti "d" kọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró dáadáa. Tíṣà kígbe: "Jókòó dáadáa!" Ọmọ náà jókòó. Tábìlì wá dé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Èjìká rẹ̀ sún mọ́ etí, apá òsì rẹ̀ rọ̀ mọ́ etí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ gun ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ dirodiro. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó tún fi kúnlẹ̀. Tíṣà na ọwọ́ sí pàṣán. Ọmọ yẹn ò ṣorí kunkun, ẹ̀gbọ́n mi. Òun nìkan ló wọn tábìlì náà nínú kíláàsì yẹn.

Bí ẹsẹ̀ ò bá kanlẹ̀, etí bẹ́ǹṣì á máa tẹ abẹ́ itan, níbi tí iṣan àti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá. Ẹsẹ̀ á máa kú, á máa ṣe yìrìyìrì. Ọmọ á wọ́ wá sí etí ìjókòó kí ìka ẹsẹ̀ lè kanlẹ̀, ibi ìfẹ̀yìntì tí ẹ sanwó rẹ̀ á wá di ibi tí wọ́n ń gbé báàgì kọ́. Tábìlì tó ga jù á gbé èjìká sókè, á sì gbé ìwé sún mọ́ ojú. Ọrùn á máa ro ó, á máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ìjàlọ ń jẹ. Wọ́n á wá kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́.

Ó dáa, báwo lẹ ṣe máa wọ̀n? Tépù télọ̀ ti tó. Kí ọmọ wọ bàtà tó máa ń wọ̀ wá sílé ìwé, kó jókòó síbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti kòtò ẹ̀yìn orúnkún dé ilẹ̀ ni gíga ìjókòó. Kó fi díẹ̀ dín sàn ju kó lé lọ. Kí apá rẹ̀ wá rọ̀ sílẹ̀, kó ṣẹ́ ìgúnpá. Ẹ wọn láti orí ìjókòó dé abẹ́ ìgúnpá, ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún kún un, kí ẹ rò ó mọ́ gíga ìjókòó. Gíga tábìlì nìyẹn. Ìjókòó náà ò gbọdọ̀ jìn jù: bí ọmọ bá fẹ̀yìn tì, kí ìka mẹ́ta ṣì lè wọ àárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀.

Àwọn ará Yúróòpù ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún àga àti tábìlì ilé ìwé, EN 1729 lorúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ga láti sẹ̀ǹtímítà 108 sí 121, ìjókòó 31, tábìlì 53. Láti 119 sí 142, ìjókòó 35, tábìlì 59. Láti 133 sí 159, 38 àti 64. Ínṣì 18 àti 30 ti káfíńtà yín wà nínú ìwé náà o: ẹni tó ga tó 159 sí 188 ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹ má dà á kọ bí Bíbélì, ara àwọn ọmọ tọ̀hún ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn tiyín kí ẹ tó fún káfíńtà ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n fún Pírámárì 1 sí 3, mi ò rò pé ẹ lè jìnnà sí ìwọ̀n méjì àkọ́kọ́ yẹn, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ẹ̀kẹta fún àwọn agùntáṣọọ́lò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò wọn ni àwọ̀. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀: ti 35 jẹ́ yẹ́lò, ti 38 jẹ́ pupa. Ọ̀dà ò wọ́n. Ẹ kun ẹsẹ̀ àga àti ti tábìlì, kí ẹ fi ọ̀dà kan náà sàmì sára ògiri kíláàsì ní ibi gíga tó bá a mu. Bí sáà bá wọlé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ̀yìn ti ògiri. Àwọ̀ tí orí rẹ̀ bá bọ́ sí ni kó lọ jókòó sí. Kò gba tíṣà ju ogún ìṣẹ́jú. Kí tábìlì kúkúrú wà níwájú, kí gíga wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọmọ gíga tí kò ríran jìnnà, ẹ gbé tábìlì rẹ̀ wá síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi ìyà jẹ ẹ́ torí pé ó ga.

Ẹ bẹ káfíńtà yín pé kó má kan bẹ́ǹṣì mọ́ tábìlì. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é káàkiri, ọmọ mẹ́ta lórí ẹyọ kan, torí kí wọ́n má baà gbé e sọ ara wọn. Bó bá ti kàn mọ́ra, ẹ ò lè fà á sún mọ́ tàbí tì í sẹ́yìn mọ́. Bí ọmọ bá ń kọ̀wé, ó yẹ kí etí ìjókòó wọ abẹ́ tábìlì díẹ̀. Tábìlì ilé ìwé ayé àtijọ́ tó dà gẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ sì dára ju èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ fún ọrùn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Denmark, A. C. Mandal, fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún èyí: ẹni tó ń kọ̀wé kì í jókòó ṣánṣán bíi sójà, síwájú lara rẹ̀ ń tẹ̀. Ti igi, mo fi sílẹ̀ fún yín àti àwọn ọlọ́jà pákó. Arère fúyẹ́ ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, àfàrà sàn. Kó ṣá fi sanpépà yọ etí rẹ̀, kó ri orí ìṣó wọlé.

Àwọn bẹ́ǹṣì àtijọ́ ńkọ́? Ayùn. Ẹ gé ẹsẹ̀ wọn. Èyí tí kò bá ṣeé gé, ẹ kan pákó ìgbẹ́sẹ̀lé sábẹ́ tábìlì rẹ̀.

Ó ku oníbẹ́líìtì. Ẹ má rà á, ẹ má sì kọ ọ́ sí òbí kankan lọ́rùn. Títẹ̀ sórí ìwé kì í yọ iké. Iké, tí àwọn bàbá wa kà sí ẹni òrìṣà, ẹlòmíràn ni wọ́n bí i mọ́, ẹlòmíràn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ eegun ẹ̀yìn fà á fún. Scoliosis, ìyẹn kí eegun ẹ̀yìn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ǹṣì kọ́ ló ń fà á, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a ò tíì mọ ohun tó fà á. Ohun tí a ń fi dè é, bó bá gba dídè, líle ni, a máa ń ṣe é sára ọmọ kan ṣoṣo lẹ́yìn tí a bá ti ya fọ́tò eegun rẹ̀. A kì í gbé e sínú báàgì kiri ilé ìwé. Rọ́bà tó ń fa èjìká sẹ́yìn ò ní gé ínṣì kan kúrò lára tábìlì.

N kò rí ọmọ kankan nínú wọn lójú, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò àyẹ̀wò. Bí ẹ bá rí ọmọ tí èjìká rẹ̀ ò dọ́gba, tí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bó bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn ún lóru, tí ibà ń ṣe é, tó ń rù, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, kí òbí gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asúbíaró tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN, kí wọ́n má sọ pé àwọn ń dúró dè mí. Bó bá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́dọ̀ ìjọba.

Ní ti káfíńtà, ẹ sanwó ẹyọ kan péré ná. Mo ti sanwó mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan rí, mo kọ ìwọ̀n sínú ìwé fún un, ínṣì 18 náà ló gbé wá, ó ní ojú òun ò gbà á kó kéré tó bẹ́ẹ̀. Kó gbé ẹyọ kan wá, ẹ pe ọmọ mẹ́ta jókòó sórí rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Bó bá sì ti gé igi ẹsẹ̀ tó kù kí ẹ tó ka ìdáhùn yìí, ẹ má bá a jà, ó ṣì ṣeé tún gé. Kó ṣá má tíì fi gọ́ọ̀mù sí i.