Ẹ Bi Mí: Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láìgba ọ̀dọ̀ alárinà

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń dá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe. Kóòdù ni mò ń kọ, pàápàá títún sọ́fítíwia àtijọ́ ṣe. Ilé-iṣẹ́ abániwáṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bá mi wá gbogbo iṣẹ́ mi. Láìpẹ́ yìí ni ìwé kan ṣèèṣì já sínú ímeèlì mi, mo sì rí iye tí oníbàárà ń san lórí mi. Ẹ̀gbọ́n, ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n ń yọ kó tó kàn mí! Àdéhùn mi ku oṣù mẹ́ta kó parí. Mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí oníbàárà. Mo ti gbé ojúlé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹyọ ẹnì kan ò pè mí. — Ẹni tí inú ń bí díẹ̀*

Àbúrò mi, inú tó ń bí ọ yẹn, gbé e jẹ́ẹ́ ná. Alárinà ò jalè. Ohun méjì ni wọ́n ń bá ọ ṣe tí o ò kà sí iṣẹ́. Wọ́n ń bá ọ fetí sílẹ̀ de ẹni tó ń wá irú rẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń san owó rẹ nígbà tí oníbàárà ò tíì san tiwọn. Ọjọ́ tó o bá kúrò, iṣẹ́ méjèèjì di tìrẹ. Èmi ò mọ èyí nígbà tí mo fi tèmi sílẹ̀ ní 2014. Níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà fúnra mi, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ 60 ni wọn yóò fi san owó. Ọjọ́ kẹrìnléláàádọ́rùn-ún ni mo tó rí i. Kó tó dé, mo ti jẹ àbúrò ìyá mi lówó. Nítorí náà, kó o tó wá oníbàárà kankan, tọ́jú owó tó lè gbé ọ fún oṣù mẹ́ta.

Ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tàkúté tí ọdẹ ń dẹ sílẹ̀ kó lọ sùn. Ẹni tó ti gbọ́ orúkọ rẹ níbòmíràn ló ń yọjú síbẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá èèyàn gidi ni ẹ́. Jẹ́ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n má jókòó tì í.

Bí iṣẹ́ tí mo sọ yẹn ṣe dé ọwọ́ mi rèé. Obìnrin kan wà tá a jọ ṣiṣẹ́ níbì kan fún oṣù márùn-ún, tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. A kì í ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ wa ò ju “ẹ kú àárọ̀” àti “bébà ti tán” lọ. Ó ti kúrò níbẹ̀ fún ọdún méjì, ó ti di ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò owó níbòmíràn, kó tó pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan. Dátábéèsì wọn, ibi tí kọ̀ǹpútà ń to àkọsílẹ̀ wọn pamọ́ sí, ti bàjẹ́. Ó ní kò sí wàhálà, àwọn ní backup, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́, alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, àmì aláwọ̀ ewé ló sì máa ń hàn ní gbogbo àárọ̀. Mo ní kó ṣí fóldà náà, kó ka bí fáìlì ti àná ṣe tóbi tó fún mi. Ó dákẹ́. Ó ní, “Òdo.” Mo ní, ti ìjẹta ńkọ́? “Òdo.” A ń kà á sẹ́yìn báyẹn, òdo, òdo, títí dé ọjọ́ kọkànlá kí a tó kan fáìlì tó ní nǹkan nínú. Dísìkì ló ti kún. Ẹ̀rọ náà ń ṣí fáìlì tuntun lóòótọ́, kò ráyè kọ nǹkan kan sínú rẹ̀, ó sì ń jábọ̀ pé òun ti ṣe é.

Nígbà tá a tún un ṣe tán, mo bi í pé kí ló mú un rántí mi. Ó ní òun gbọ́ nígbà kan tí mò ń bá ẹnì kan fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí mo ń pariwo pé ẹ̀dà tí èèyàn ò tíì dá padà wò rí, kì í ṣe ẹ̀dà. Gbólóhùn kan yẹn ló fi mọ iṣẹ́ mi.

Ẹnì kan ti ṣe ìwádìí irú nǹkan yìí tipẹ́. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Ó bi àwọn tí ẹni mímọ̀ bá ríṣẹ́ pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni náà tó. Bíi 17 péré nínú 100 ló ní àwọn ń rí i dáadáa. Bíi 28 ní àwọn kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ, bóyá ni. Àwọn tó kù wà láàárín. Kò sí idán nínú ẹ̀: ohun tó o mọ̀ ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ náà mọ̀. Ojúlùmọ̀ ló ń ti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ò dé bọ̀.

Nítorí náà, mú bébà lálẹ́ òní. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó o ti bá ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin yìí, kì í ṣe ọ̀gá nìkan: akọ̀wé, ẹni tó ń dán sọ́fítíwia wò, ẹni tó máa ń pè ọ́ pé ẹ̀rọ òun ti dákú. Àwọn tó ti kúrò níbi tẹ́ ẹ ti mọra, fa ìlà sábẹ́ orúkọ tiwọn. Àwọn ni wọ́n dé ibi tuntun, tí wọ́n bá ìdọ̀tí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Tó o bá máa kọ̀wé sí wọn, má sọ pé ò ń wáṣẹ́, má sì to orúkọ gbogbo ohun tó o mọ̀ lò. Ẹni tórí ń fọ́ kì í wá ẹni tó mọ orúkọ ewé. Kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo tún ètò owó oṣù yẹn ṣe, nígbà tó ń dákú ní gbogbo ìparí oṣù. Mo ti ń dá dúró báyìí. Sọ́fítíwia tí ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, òun ni mò ń tún ṣe. Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹni tí irú ẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹ fún un ní nọ́ḿbà mi.” Ó tán. Máa kọ márùn-ún lójúmọ́, kí ti oníkálukú yàtọ̀. Bó o bá fi ọ̀kan náà ránṣẹ́ sí 200 èèyàn, wọ́n á mọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ: ọjọ́ ikú sọ́fítíwia, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n dáwọ́ títọ́jú rẹ̀ dúró. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló ń kéde rẹ̀. Wo àwọn sọ́fítíwia dátábéèsì: ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀yà PostgreSQL kọ̀ọ̀kan. Ti MySQL 5.7 ti parí láti oṣù Kẹwàá 2023. Ọjọ́ 14 oṣù Keje 2026 ni Microsoft dá fún SQL Server 2016. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, bí ihò tí olè lè gbà wọlé bá yọ níbẹ̀, o ò ní rí ẹni bá ọ dí i lọ́fẹ̀ẹ́. Wàyí o, máa ka ìkéde iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbé jáde. Èyí tó bá ń wá ẹni tó mọ ẹ̀yà àtijọ́ ti ka àìsàn ara rẹ̀ sí ọ létí láìmọ̀. Bí ìkéde náà bá ti pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀, wọn ò rí ẹni. Má kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́, wọ́n á ní kó o fi CV sílẹ̀. Ọ̀gá tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró ni kó o kọ ọ́ sí, kó má sì ju ìlà mẹ́fà lọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ní ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún. Bí orúkọ rẹ ò bá sí níbẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa san owó fún ọ, kódà kí ọ̀gá ẹ̀ka fẹ́ràn rẹ bí ojú. Má forí sọ ògiri. Wá ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí orúkọ tiwọn wà níbẹ̀, kó o máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Àwọn náà á yọ tiwọn. Mo mọ̀, inú ti tún ń bí ọ.

Ti Upwork àti irú rẹ̀, àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí oníṣẹ́ àti oníbàárà ti ń pàdé, oṣù méjì ni mo lò níbẹ̀. Alárinà ni òun náà, kì í kàn ṣe èèyàn ni.

*Mo rò pé mo jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ ìwọ lo mọ̀nà. Ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní ká yẹ alárinà sílẹ̀, ká jọ máa ṣe é tààrà. Ṣé kí n gbà? — Màmá alátúnṣe*

Mà, ẹ má dá a lóhùn lónìí. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé àdéhùn yín. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ bá oníbàárà yìí ṣiṣẹ́ tààrà títí oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí. Irú ẹ̀ sábà máa ń wà nínú ìwé tí ọ̀gá yẹn náà bá alárinà tọwọ́ bọ̀. Bó bá fẹ́ yín dénú, kí òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ̀ǹda yín. Àwọn mìíràn á gba owó díẹ̀, wọ́n á gbà. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn náà wà lórí bébà, torí pé ẹ̀rín ẹnu ọ̀gá yẹn ò ní dúró tì yín ní kóòtù. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé náà tí gbólóhùn yẹn ò sí níbẹ̀, ẹ yáa dá a lóhùn.

*Ẹni kan ní kí n kọ́kọ́ ṣe díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí òun fi mọ bí ọwọ́ mi ṣe rí. — Ọmọ tuntun*

Rárá. Ta àyẹ̀wò fún un. Sọ fún un pé ọjọ́ méjì lo máa fi wo ètò rẹ̀, pé iye báyìí ló máa san, pé wàá kọ ohun tó ń ṣe é àti bí wọ́n á ṣe wò ó sínú ìwé ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwé náà sì di tirẹ̀. Ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà ọ́ pé ó lè gbé e fún ẹlòmíràn tó máa gba owó tó kéré sí tìrẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo gbowó àyẹ̀wò mi, mo bá tèmi lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni fóònù dún: ẹni tí wọ́n gbé e fún ti há sí ojú ewé kejì. Iye tí mo dá lé wọn lọ́tẹ̀ yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, wọn ò sì ná an.