Òjòlá tí mo ń sìn nílé: ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa gbé e lọ́sẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàláámù aléékúmù, Àfáà wa. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni mò ń gbé. Mo ra òjòlá kékeré kan lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ejò ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ó ti dàgbà báyìí, ó ti lé ní mítà 2.5. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e, mo sì máa ń fi kọ́rùn bí àwọn ọ̀rẹ́ bá wá. Ìyàwó mi ní bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, àlùwàlá mi ti bàjẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ló sì yẹ kí n máa gbé e lọ́sẹ̀? Ọmọ ọdún 3 wà nínú ilé.

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàláámù, arákùnrin mi. Ti àlùwàlá kò le. Ní ọ̀nà Imáàmù Màlíkì tí à ń tẹ̀lé níbí, mímọ́ ni ara ẹranko tó bá wà láàyè. Fífọwọ́ kan ejò kò ba àlùwàlá jẹ́. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kàn ọ́ láṣọ, fọ̀ ọ́ kí o tó kírun.

Ní ti iye ìgbà, ẹ̀tọ́ ẹranko tó wà níkàáwọ́ rẹ ni Ọlọ́hun yóò bi ọ́. Nínú ìwé hádíìsì Bùhárì àti ti Músílímù, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún wa nípa obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kó lọ wá tirẹ̀ jẹ. Ejò kì í retí kí ènìyàn wá gbé òun. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, ti tó. Ojoojúmọ́ yẹn, ìnira ni fún un. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, ó kéré tán, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Tí ikùn rẹ̀ bá ṣì yọ gọngọ níbi tí eku wà, tí o wá gbé e sókè, ó lè bì í, èébì yẹn sì máa ń ṣe ejò léṣe púpọ̀. Bó bá fẹ́ bọ́ awọ, ojú rẹ̀ á di funfun bí ẹni pé wọ́n ta omi ẹ̀kọ sí i. Kò ríran dáadáa nígbà náà, ìbẹ̀rù lè mú kó bù ọ́ ṣán. Má fọwọ́ kàn án títí yóò fi bọ́ ọ tán.

Fífi kọ́rùn, jọ̀wọ́, dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Òjòlá kò lóró. Fífún ló fi ń pa ẹran. Ẹni tó mọ ejò kì í dá gbé èyí tó tó tìrẹ. Ọlọ́hun ní kí á má ṣe fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun (Súúrà 2, áyà 195). Ọmọ yẹn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá: ejò máa ń gbé salmonella sára, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, àìsàn yẹn sì le fún ọmọdé. Ìwọ náà, fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi òótọ́ pa mọ́ fún ọ. Ànábì pàṣẹ pé kí á pa ejò àti àkeekèé, kódà bí a bá wà lórí ìrun. Àbú Dáwúdù àti Tìrìmísì gbà á wá. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi sọ pé ohun tí wọ́n ní kí á pa, kò yẹ kí á máa sìn ín ṣeré. Àwọn kan á mú ẹyẹ kékeré tí Àbú Úmáírì, ọmọdé kan nígbà ayé Ànábì, ń bá ṣeré wá ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹyẹ yẹn kò lè fún ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀yìn àwọn tó kọ̀ ọ́ ni mo wà. Bákan náà, Ouidah kò jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti ń bọ Dàngbé, òrìṣà òjòlá, tí àwọn àlejò ń fi ejò kọ́rùn ya fọ́tò. N kò fura sí ìgbàgbọ́ rẹ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí fọ́tò tìrẹ, kí ló máa rò? Ànábì ní ẹni tó bá yẹra fún ohun tó rújú ti dáàbò bo ẹ̀sìn rẹ̀ àti iyì rẹ̀.

Má tìtorí èyí gbé igi tì í o, má sì lọ dà á sínú igbó ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn. Dá a padà fún àwọn tó tà á fún ọ. Kó tó di ìgbà náà, ti àpótí rẹ̀ ní àgádágodo, kí o sì pe àgbàlagbà kan mọ́ra bí o bá fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe. Pa eku kí o tó fún un. Eku tó wà láàyè lè gé ejò jẹ, kò sì yẹ kí á fi ìpayà dá ẹranko lóró. Bí wọ́n bá ní àwọn kò gbà á mọ́, wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ó jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣọ́gbó ìjọba.