Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó mi ò sì tíì mọ̀

ÌBÉÈRÈ

Àsàlámù àlékúm, Ààfáà. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, èmi ni mò ń bójú tó ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pe ogójì nínú wa, wọ́n ní ọjà ò lọ mọ́, kí a máa lọ. Ọ̀gá wa ti mọ̀ tipẹ́, kò sọ. Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Oṣù kẹta rèé. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi ò mọ̀. Láràárọ̀ ni mò ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde, tí mò ń lọ jókòó sí mọ́ṣáláṣí kan tí wọn ò ti mọ̀ mí títí ilẹ̀ á fi máa ṣú. Owó tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo kúrò ni mò ń bù fún un bí owó oṣù, ó sì ti ń tán lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní iṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kí n wá máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á. Mo kí ìrun ìsìtíhárà, ìyẹn ìrun tí a fi ń bẹ Ọlọ́hun pé kó yan èyí tó dára fún wa, sí i fún ọjọ́ méje, n kò rí nǹkan kan lójú àlá. Ẹlòmíràn ní kí n lọ bá lémọ́mù àdúgbò wa fún sàká, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mo sì ní mọ́tò kan. Kí ni kí n ṣe? Àdúà wo ni kí n máa ṣe?

ÌDÁHÙN

Wa àlékúm sàlámù wa ráhámátúláhì. Arákùnrin mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun mẹ́ta lo bi mí: tẹ́tẹ́, sàká, àdúà. Èyí tí o kò bi mí ló gba ìdáhùn jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. O ò jalè, ọjà ni kò lọ. Kí ló wá dé tí o fi ń gbé e pamọ́ bí ẹni gbé ẹrù olè pamọ́? A kì í fi ìtìjú kárùn. Owó tí o ń bù fún un tí o ń pè ní owó oṣù yẹn, irọ́ ni, bí o kò tilẹ̀ la ẹnu pa á. Òun sì ń ná an bí ẹni tí òmíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bóyá ó ti wọ àjọ. Bóyá ó ti ṣèlérí àgbò Iléyá fún bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó náà bá tán, ọ̀rọ̀ méjì ni yóò gbọ́ pọ̀: pé iṣẹ́ ti lọ, àti pé ọkọ òun ti ń tan òun jẹ. Àkọ́kọ́ yẹn ò le tó ìkejì. Àwọn kan á ní ẹ̀sìn gba ọkọ láyè láti fi irọ́ dídùn tu aya rẹ̀ nínú. Nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìyẹn, kì í ṣe nínú ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti mọ̀.

Nígbà tí Màlékà Jibril kọ́kọ́ wá bá Ańnábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú ihò Hira, ẹ̀rù bà á, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ibo ló gbà lọ? Ilé ni. Ọ̀dọ̀ Khadija ló lọ, ó ní: "Ẹ fi aṣọ bò mí, ẹ fi aṣọ bò mí." Kò dúró lẹ́yìn ìlú títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀ kó tó wọlé bí ọkùnrin. Ó sọ fún aya rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun, aya rẹ̀ sì ní Ọlọ́hun ò ní dójú tì í láéláé, nítorí ó ń so okùn ẹbí, ó ń bá aláìlágbára gbẹ́rù, ó ń ṣe àlejò lóore. Bí ẹni tó dára jù nínú ẹ̀dá bá lè gbé ìbẹ̀rù rẹ̀ wọlé tọ aya lọ, kí ni tìrẹ?

Bí ìyàwó rẹ bá ní iṣẹ́ tirẹ̀, tó sì ní òun á gbé ilé ró fún ìgbà díẹ̀, má ṣe kọ̀ nítorí ìgbéraga. Ọrùn rẹ ni ìtọ́jú ilé wà lóòótọ́, kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Zaynab, aya Abdullah ọmọ Mas'ud, wá béèrè bóyá òun lè ná owó sàráà òun lé ọkọ òun àti àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́dọ̀ òun lórí. Ańnábì ní láádá méjì ni yóò gbà: láádá ẹbí àti láádá sàráà. Kí ló dé tí o fi fẹ́ fi méjèèjì du ìyàwó rẹ?

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ò gùn. Súrà Al-Má'idah, áyà 90, ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti òrìṣà, ó ní ẹ̀gbin ni, iṣẹ́ Ṣàìtáánì ni. Má sọ fún mi pé ìwọ kì í ta á, pé owó lásán lo máa gbà. Áyà kejì nínú súrà kan náà ní kí á má ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìsìtíhárà rẹ kò fi ní ibi tí yóò dúró sí. A kì í ṣe ìsìtíhárà lórí ohun tí Ọlọ́hun ti sọ pé kò dára. Iṣẹ́ halálì méjì tó dojú rú mọ́ ọ lọ́wọ́ ni wàá gbé lọ síwájú Rẹ̀: bóyá ti Ìbàdàn tí owó rẹ̀ pọ̀, tàbí ti Ìkòròdú tó sún mọ́ ilé.

Ta ló tilẹ̀ sọ fún ọ pé ọjọ́ méje ni, pé àlá ni wàá lá? Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ańnábì, tí Jabir tó jẹ́ sàábé rẹ̀ gbà wá, tó wà nínú ìwé Bukhari, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ràkáà méjì tí kì í ṣe ọ̀ranyàn ni, lẹ́yìn rẹ̀ àdúà, nínú àdúà náà ni o ti ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá dára fún ẹ̀sìn mi àti ìgbésí ayé mi, mú un rọrùn fún mi, bí kò bá dára, ṣẹ́ ẹ kúrò lọ́dọ̀ mi, kí O sì ṣẹ́ èmi náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, o dìde, o lọ kan ilẹ̀kùn. Bó bá ṣí, o wọlé. Bó bá tì, ìdáhùn náà nìyẹn. Èmi náà wà lára àwọn tí ẹ ń pè ní ààfáà, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń gbowó kí wọ́n tó bá yín lá irú àlá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o mú àgbò wá, sè é fún àwọn ọmọ rẹ.

Ó kan sàká. Súrà At-Tawbah, áyà 60, ka irú ènìyàn mẹ́jọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Aláìní ló ṣáájú, onígbèsè náà wà níbẹ̀. Ní ojú ọ̀nà Imam Malik tí àwa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ẹni tí ohun tó ní kò tó o jẹ fún ọdún kan, tálákà ni. Mọ́tò tí o fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé ò lé ọ jáde nínú wọn. Àlùkùránì tilẹ̀ yin àwọn kan tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé olówó ni wọ́n nítorí pé wọn kì í tọrọ. Nítorí irú yín ni àwọn olùpín sàká fi yẹ kó máa wádìí. Lọ bá lémọ́mù náà lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ìwọ àti òun nìkan.

Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, wo owó tìrẹ. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù rẹ, òfin ọdún 2014 lórí owó ìfẹ̀yìntì sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì tíì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà lórúkọ rẹ̀. Oṣù kan ló kù fún ọ. Lọ bá àwọn tó ń tọ́jú owó náà nísinsìnyí, kí o mọ ìwé tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn àápù orí fóònù tó ń yáni lówó lówó èlé, má sún mọ́ wọn rárá.

Ti àdúà ló kù, ti Ańnábì Mùsá ni n ó sì fún ọ. Ó sá kúrò ní Íjíbítì, ó ti pa ènìyàn, kò nílé, kò níṣẹ́. Ó dé ibi omi Madyan, ó rí obìnrin méjì tí wọ́n ń dá ẹran wọn dúró títí àwọn darandaran á fi fọn omi tán. Ó bá wọn fọn omi, kò gbowó. Ó padà síbi ìbòòji, ó wá ṣe àdúà yìí, ó wà nínú Súrà Al-Qasas, áyà 24: Rabbi innī limā anzalta ilayya min khayrin faqīr. Olúwa mi, mo jẹ́ aláìní sí oore yòówù tí O bá sọ̀ kalẹ̀ fún mi. Máa ṣe é ní ìforíkanlẹ̀.

Wo ohun tó tẹ̀lé e. Bàbá àwọn obìnrin náà ránṣẹ́ pè é, Mùsá sì ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún un, láìbo ìkankan. Ẹ̀yìn ìròyìn yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ pé: "Bàbá mi, ẹ gbà á síṣẹ́, ẹni tó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni alágbára tó jẹ́ olóòótọ́." Ó ti rí i níbi tó ti ń fọn omi. Ọdún mẹ́jọ ni àdéhùn náà, mẹ́wàá bó bá fẹ́. Ìwọ ńkọ́? Ọdún mẹ́sàn-án lo fi ń ka ẹrù wọlé, tí o ń kà á jáde. Àwọn awakọ̀ tó ń wá kó ẹrù mọ̀ ọ́, àwọn oníbàárà mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ mọ́. Mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé o ń wá iṣẹ́? Ta ni yóò sọ pé "ẹ gbà á" fún ẹni tí wọ́n rò pé ó ṣì wà níbi iṣẹ́?

Ańnábì fi ẹyẹ ṣe àpèjúwe ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun: a jáde láàárọ̀ tòun tebi, a padà nírọ̀lẹ́ tòun tàjẹyó. Ìwọ náà ń jáde láràárọ̀, ṣùgbọ́n ìtẹ́ mìíràn lo ń lọ bà sí. Kí Àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí, kí o sì kúrò níbẹ̀.

Lálẹ́ òní, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, sọ fún ìyàwó rẹ. Má gbé ìwé ìdádúró náà pamọ́ mọ́, mú un jáde kó kà á. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bó bá ní ìbéèrè, kí òun náà kọ̀wé sí mi.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.