Káàdì Ìdánimọ̀ Yunifásítì: Èsì fún Ìyá tí Káàdì Ọmọ Rẹ̀ Kò Tíì Jáde

Ìyá wa, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ọmọ yín wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ó ti san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé, ó sì ti ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ láti ìgbà tí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n káàdì náà kò tíì jáde, ìdánwò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n lè lé e jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni èmi náà ti kàwé, ojú mi sì rí tó lórí káàdì yìí láti ọdún àkọ́kọ́ títí mo fi dé ibùdó àwọn àgùnbánirọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ lórí ti ìdánwò. Ohun tí àwọn olùṣọ́ ìdánwò ń wá ni ẹ̀rí pé ẹni tó jókòó níwájú wọn gan-an ló ni orúkọ tó wà nínú ìwé wọn, pé ó ti sanwó, àti pé ó ti forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà. Nígbà tí káàdì àwa ọmọ ọdún àkọ́kọ́ pẹ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tí olórí ẹ̀ka ti fọwọ́ sí, rísíìtì owó ilé ẹ̀kọ́, àti lẹ́tà láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la fi wọlé ṣe ìdánwò. Lẹ́tà yìí ló ṣe pàtàkì jù. Kí ó ní fọ́tò ọmọ yín lára, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ náà lọ́nà tí apá kan rẹ̀ yóò fi wà lórí fọ́tò, tí apá kejì yóò sì wà lórí ìwé, nítorí olùṣọ́ kan lè kọ lẹ́tà tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò kan fọ́tò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni, torí ẹnikẹ́ni lè lẹ fọ́tò tirẹ̀ mọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ yín lọ gba lẹ́tà náà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ọ̀sẹ̀ ìdánwò bá wọlé tán, èrò tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó lọ wádìí ìdí tí káàdì náà kò fi jáde, kó má kàn jókòó máa retí. Lóòótọ́, ike káàdì àti ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ máa ń tán lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo rí jù lọ ni àkọsílẹ̀ tí kò bára mu. Láti ìdánwò JAMB ti ọdún 2021 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, èyí tí a mọ̀ sí NIN, ti di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, orúkọ tó sì wà lórí NIN ni JAMB ń lò. Orúkọ kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ ń gbà lọ́wọ́ JAMB láti fi ṣí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lórí pọ́tà, ìyẹn ojúlé ilé ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń mú un lọ sórí káàdì. Bí NIN bá ní “Oluwaseun” tí ìwé èsì WAEC sì ní “Seun”, tàbí bí orúkọ ìdílé bá ṣáájú níbì kan tó sì kẹ́yìn níbòmíràn, ẹni tó ń yẹ orúkọ wò lè ya ti ọmọ náà sọ́tọ̀ láìsọ fún un. Ní ìgbà tèmi, NIN kò tíì wọ ọ̀rọ̀ náà rárá, síbẹ̀ ẹnì kan ní ọ́fíìsì yọ orúkọ àárín mi sílẹ̀ nígbà tó ń gbé orúkọ wa sínú kọ̀ǹpútà, káàdì mi sì wà láàárín àwọn tí wọ́n dá dúró títí ọdún àkọ́kọ́ fi ń parí lọ. Kò sí ẹni tó pè mí. Ìgbà tí mo mú ìwé WAEC, ìwé ìgbàwọlé JAMB àti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ bá àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ tó yanjú, wọ́n sì tún un ṣe níṣojú mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn kan tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tèmi ti ń san owó fún àwọn tó lérí pé àwọn lè bá wọn yọ káàdì, nígbà tó jẹ́ pé àtúnṣe orúkọ nìkan ni wọ́n nílò.

Kí ó tún wo bóyá owó tó san ti hàn lórí pọ́tà. Láti ọdún 2015 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí owó ilé iṣẹ́ ìjọba máa wọ àpò kan ṣoṣo, Remita, ètò ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀pọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fi ń gbowó, nọ́ńbà oníye 12 tí wọ́n ń pè ní RRR ni wọ́n sì fi ń dá owó kọ̀ọ̀kan mọ̀. Báńkì lè ti yọ owó kí pọ́tà má sì tíì mọ̀. Kí ó tẹ RRR rẹ̀ jáde, kí ó sì rí i pé pọ́tà kọ ọ́ pé ó ti san, torí wọn kì í tẹ káàdì fún ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń sọ pé ó jẹ gbèsè.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó lọ ṣe káàdì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, bó ti wù kí ó jọ ojúlówó tó. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹ bákóòdù ara rẹ̀ wò, yóò di ẹjọ́ ìwé ayédèrú, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè lé ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ìdádúró kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ ba ọjọ́ iwájú ara rẹ̀ jẹ́.

Bí káàdì bá dé, kí ó ka gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ kó tó fọwọ́ síwèé pé òun ti gbà á: orúkọ, nọ́ńbà mátíríìkì, ẹ̀ka, àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò parí. Bákan náà ni ó ṣe tóbi tó pẹ̀lú káàdì ATM, nítorí náà yóò wọ àpò owó dáadáa, ṣùgbọ́n kó má fi sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò tí yóò máa jókòó lé, kó má fi í sínú oòrùn, kó má sì dá a lu níbi tí ilé ẹ̀kọ́ kò bá lu. Òun ni yóò fi máa wọ ilé ìkàwé, òun ni yóò fi gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni yóò sì fi han ọlọ́pàá ojú pópó tó bá dá ọkọ̀ wọn dúró lálẹ́. Nítorí èyí, kó má fi í dógò fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Kó má sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook tàbí WhatsApp, torí ní ọ̀pọ̀ pọ́tà, nọ́ńbà mátíríìkì ni wọ́n fi ń wọlé, orúkọ ìdílé sì ni ọ̀rọ̀ aṣínà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Méjèèjì ló wà lójú káàdì gbangba.

Wọ́n jí tèmi pẹ̀lú àpò owó mi nínú danfó ní Ọ̀jọ́ta. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gba ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí bí ẹlòmíràn bá fi káàdì náà ṣe ohun tí kò dára, ọjọ́ tó wà lórí ìwé yẹn ni yóò gbà mí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ ṣe ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́, mo sì rí i pé wọ́n kọ nọ́ńbà mátíríìkì mi sínú rẹ̀, kí n tó lọ san owó káàdì tuntun. Mo ṣe ẹ̀dà ìwé méjèèjì pa mọ́, àwọn ẹ̀dà yẹn ni mo sì ń fi hàn ní ẹnu ọ̀nà títí káàdì kejì fi jáde.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìparí yẹn tún wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ sórí káàdì mi, ọdún mẹ́rin náà sì ni iṣẹ́ mi yẹ kí ó gbà. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020 kò parí títí di òpin oṣù Ọ̀pẹ. Èyí tó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Káàdì mi kú nígbà tí mo ṣì ń kàwé. Ọ́fíìsì ọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló fún mi ní lẹ́tà pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣì ni mí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, kó má dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá dá a dúró kó tó lọ gbà á.

Kí ó sì rántí pé NYSC ń béèrè káàdì ilé ẹ̀kọ́ ní ibùdó, pẹ̀lú ìwé ìpè, ìwé èsì, àti ìwé ẹ̀rí ìlera láti ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti ológun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ẹ̀kọ́ tèmi ń gba káàdì padà lọ́wọ́ àwọn tó bá ń parí. Kí n tó fi tèmi sílẹ̀, mo ṣe ẹ̀dà ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ní kí ọ̀gá tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà náà, kó kọ ọjọ́ tó gbà á sí i, kó sì lu òǹtẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè káàdì lọ́wọ́ mi ní ibùdó, ẹ̀dà yẹn ni mo gbé kalẹ̀, wọ́n sì forúkọ mi sílẹ̀ láìsí wàhálà.