Ṣé òótọ́ ni pé Postinor, oògùn tí obìnrin ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kó má bàa lóyún, ti di ọ̀fẹ́ ní kẹ́míìsì England?

Àbúrò mi tó béèrè, tó tún ń bẹ̀rù pé wọ́n máa ní kó mú fisà wá, òótọ́ ni o. Láti Òkítóbà 2025 ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ti ń sanwó ẹ̀ ní nǹkan bíi 10,000 kẹ́míìsì. Fisà ò kàn án rárá, ètò ìfètòsọ́mọbíbí wà lára ohun tí wọn kì í gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ àlejò.

Ká ní ó ti wà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2019 ni! Rọ́bà ló ya lálẹ́ Fráìdé, Sátidé mo sáré lọ sí kẹ́míìsì ìtòsí ilé, wọ́n ní pọ́ùn 27, bẹ́ẹ̀ pọ́ùn 11 péré ló kù nínú àkáǹtì mi torí owó oṣù ò tíì wọlé. Mo ní ṣebí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló ń sanwó ẹ̀, ẹni tí ò tíì pé 25 nìkan sì ni káńsù tiwa ń san fún, èmi ti pé 31. Klíníìkì ti tì, ó di Mọ́ńdè. Ọ̀rẹ́ mi tí bọ́ọ̀sì kan péré wà láàárín wa, káńsù tiẹ̀ ò béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn Scotland àti Wales tiẹ̀ ti ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo fi àdírẹ́sì ẹ̀ gbà á. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.

Ìwọ ṣáà ti béèrè ti NHS kó o tó na káàdì, torí wọ́n ṣì ń tà á. Wọ́n á mú ẹ wọ yàrá kékeré kan, wọ́n á bi ẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀ àti oògùn tó ò ń lò, má tijú, sọ bó o ṣe tẹ̀wọ̀n tó pẹ̀lú. Levonorgestrel, ìyẹn irú oògùn tó wà nínú Postinor, tó yẹ kéèyàn lò láàárín ọjọ́ 3, lè má fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ẹni tó ju kílò 70 lọ, oògùn míì tó ń jẹ́ ulipristal wà tó lè dé ọjọ́ 5. Tó o bá bì í láàárín wákàtí 3, padà lọ. Kọ́ìlì oníbàbà tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ ló dájú jù, klíníìkì ló ń fi í sí i, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà.

Ẹnikẹ́ni ò sọ ti kílò yẹn fún mi, èmi tí mo tẹ̀wọ̀n 84. Ọjọ́ 9 ni nǹkan oṣù mi fi pẹ́, mi ò sùn.